Ọdún Tí Ọkọ̀ Bàbá Ń Ga Lójú Wa

Òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni, agogo méje ti kọjá díẹ̀, ọyẹ́ sì mú tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi rí òrùlé ilé kejì dáadáa láti ẹnu ọ̀nà àgbàlá wa ní Ìlaró. Mo fi ọjọ́, wákàtí àti ojú ọjọ́ ṣáájú nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni Bàbá mi ṣe kọ́ mi ní òwúrọ̀ náà gan-an. Ó fún mi ní ìwé kékeré kan tí èèpo rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ aró, ó ní n kò gbọdọ̀ kọ iye kankan sínú rẹ̀ láìkọ́kọ́ kọ ìgbà tí mo wọ̀n ọ́n àti bí ojú ọjọ́ ti rí, "nítorí pé iye tí kò ní ọjọ́ dà bí ọmọ tí kò ní orúkọ, bí o bá pè é lọ́la, kò ní dá ọ lóhùn." Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà. Ohun tí ó ní kí n wọ̀n ni àlàfo tó wà láàárín orí táyà ọkọ̀ rẹ̀ àti etí irin tó bo táyà náà. Ọ̀pá ọparun kan ni mo fi wọ̀n ọ́n, èyí tí Bàbá ti fi ọ̀bẹ fa ìlà sí lára, tí àyè tó wà láàárín ìlà kan sí èkejì fẹ̀ tó ìka ọwọ́ kan. Táyà iwájú, ìlà mẹ́rin. Táyà ẹ̀yìn, ìlà mẹ́jọ. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì rò pé iṣẹ́ mi ti parí.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ọkọ̀ náà, nítorí pé kì í ṣe irú ọkọ̀ tí ènìyàn ń retí nínú àgbàlá tíṣà. Ọkọ̀ eré ni, pupa, onílẹ̀kùn méjì, ó sì ti dàgbà jù mí lọ. Ọ̀dà rẹ̀ ń ṣí bí èèpo ẹ̀pà, ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì gbà ju ọmọdé méjì lọ, tàbí àgbàlagbà kan tó bá gbà láti ká ẹsẹ̀ rẹ̀ jọ. Bàbá rà á níbi gbàǹjo tí wọ́n ti ń ta àwọn ọkọ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn onífàyàwọ́. Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ yàn án nítorí eré rẹ̀, ó sì ti yọ sípíríǹgì tí wọ́n ṣe mọ́ ọn ní ẹ̀yìn, ó fi èyí tó nípọn tó sì gùn jù ú lọ rọ́pò rẹ̀, kí ìdí ọkọ̀ má baà wọlẹ̀ bí ó bá di àpò ìrẹsì kún inú rẹ̀. Nígbà tí kò bá sí ẹrù níbẹ̀, ńṣe ni ìdí rẹ̀ máa ń nà sókè, tí imú rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbálẹ̀, bí adìẹ tó ń ṣa ọkà. Àwa ọmọ àgbàlá sọ ọ́ ní Adìẹ-ń-jẹ. Láti Ìlaró títí dé Ìdí-Ìrókò, kò sí ọmọdé tí kò mọ ohun tí ìdí ọkọ̀ ń sọ. Ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ wọlẹ̀ ti di ẹrù. Ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ ga ń lọ di ẹrù ni. Àwọn aṣọ́bodè pàápàá kì í wo ojú awakọ̀ kí wọ́n tó wo ìdí ọkọ̀ rẹ̀.

Ọdún tí wọ́n ti ẹnu ibodè ni mò ń sọ yìí. Ohun tí mo rántí jù lọ nípa rẹ̀ ni ìdákẹ́jẹ́. Ṣáájú ìgbà náà, ariwo àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ, tó ń bọ̀, ni ó máa ń jí wa. Nígbà tí wọ́n ti ibodè tán, etí wa bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ àwọn ohùn tó ti wà lábẹ́ ariwo náà látọjọ́ pípẹ́: ìrin tí wọ́n fi ń rin gbágùúdá ní àgbàlá kejì, igi ìfún gàrí tó ń ké bí ẹni tí inú ń run, ìgbálẹ̀ Ìyá Àgbà lórí ilẹ̀ erùpẹ̀ kí agogo ṣọ́ọ̀ṣì tó dún. Ìyá Àgbà ni ìyá tó bí Bàbá mi, yàrá rẹ̀ ni èmi náà ń sùn. Màmá mi wà ní Ayétòrò ní ọdún náà, níbi tó ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́, ìparí oṣù nìkan ló ń wálé. Nítorí náà àwa mẹ́ta la máa ń jókòó ti oúnjẹ, Bàbá, Ìyá Àgbà àti èmi Bọ́sẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀, láfún àti ẹ̀kọ ni. Ní ọjọ́ Àìkú, ìrẹsì ni, ṣùgbọ́n ọ̀fadà nìkan, nítorí pé Bàbá ti búra níwájú gbogbo ilé pé, "Ìrẹsì tó gba inú igbó wọlé kò ní gba ọ̀fun mi wọlé." Ọ̀fadà ìgbà náà kún fún òkúta wẹ́wẹ́. Bó ti wù kí a gbọ̀n ọ́n tó, a ó ṣì gbọ́ "kẹ̀ẹ̀" ní ẹnu ẹnì kan. Eyín mẹ́ta ló kù lẹ́nu Ìyá Àgbà. Á ti àwo rẹ̀ sẹ́yìn, á ní, "Ẹ jẹ ẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní eyín tí ẹ lè fi tọrẹ."

Ìṣirò ni Bàbá ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Àìkú, òun ló ń darí ìsìn ní ìjọ kékeré kan ní Ìdí-Ọsàn, abúlé kan lójú ọ̀nà tó lọ sí ibodè. Ìjọ náà kò ní katikísì, àwọn àgbà ibẹ̀ sì ti fẹnu kò pé Bàbá ni wọn yóò fi joyè náà. Kò sí ohun tó wù ú ju èyí lọ láyé. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti ibodè, ọkọ̀ èrò kì í ná ọ̀nà náà mọ́ ní ọjọ́ Àìkú, Adìẹ-ń-jẹ nìkan ló kù. Bí Bàbá bá sì dé ibi tí àwọn aṣọ́bodè na igi dábùú ọ̀nà, wọ́n á wo ìdí ọkọ̀, wọ́n á ní kó yà sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n á ní kó dúró de ọ̀gá wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta léraléra ló dé Ìdí-Ọsàn nígbà tí àwọn ènìyàn ti ń gbé àga wọn lọ sílé. Ní ìrọ̀lẹ́ ẹ̀ẹ̀kẹta, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìjọ náà gun kẹ̀kẹ́ wá bá a ní Ìlaró. Mo ń gbé omi wá fún àlejò náà nígbà tí mo gbọ́ ọ.

"Tíṣà, ẹ má bínú sí mi o. Àwọn ọmọdé ti ń fi yín kọrin. Wọ́n ní oníwàásù wa ń kó ìrẹsì."

"Ẹ̀yin náà gbà bẹ́ẹ̀?"

"Èmi? Èmi kò gbà á. Ṣùgbọ́n ìdí ọkọ̀ yín gbà á."

Ó mu omi rẹ̀ tán kó tó sọ ìyókù. Àwọn ará ìjọ fún Bàbá ní oṣù kan. Bí ó bá di ọjọ́ Àìkú kẹrin sí ọjọ́ náà, tí kò bá bá wọn bẹ̀rẹ̀ ìsìn lásìkò, ẹlòmíràn ni wọn yóò fi ṣe katikísì. Bàbá sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó padà wọlé, ó gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lé orí Bíbélì, ó ní òun kò ní fi ọwọ́ kàn án mọ́ títí ìdí ọkọ̀ náà yóò fi padà sí ibi tí àwọn tó ṣe é gbé e sí.

Ẹ̀gbọ́n Lìádì ni yóò ṣe iṣẹ́ náà. Mẹkáníìkì ni, ọmọ Àjàṣẹ́ ní òdìkejì ibodè, ó wá kí àna rẹ̀ ní Ìlaró fún ọjọ́ méjì péré, ni wọ́n bá ti ibodè mọ́ ọn lẹ́yìn. Bàbá fún un ní yàrá iwájú. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, ó sì ní ọ̀rọ̀ Faransé kan tí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀: "Dúsúmàà, dúsúmàà," ìyẹn ni pé kí a ṣe é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó kọ́kọ́ wá ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ó da omi sí orí sìmẹ́ńtì tí Ìyá Àgbà ń sá láfún sí, nígbà tó rí i pé omi náà dúró lójú kan, tí kò ṣàn sí apá kankan, ó ní ibẹ̀ ni a ó máa gbé ọkọ̀ sí, ibẹ̀ nìkan ni a ó sì ti máa wọ̀n ọ́n. Ìyá Àgbà kùn. Ó ní níbo ni òun yóò máa sá láfún òun, lórí ọkọ̀? Alágbẹ̀dẹ tó wà ní òdìkejì ọ̀nà wá wo ohun tí a ń ṣe, ó ní kí ni gbogbo làálàá yìí wà fún, kí wọ́n jẹ́ kí òun fi iná ra sípíríǹgì náà díẹ̀, yóò wọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Lìádì mi orí. "Bàbá, irin tí iná bá mú ní ìmúkúmùú kì í rántí iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Yóò wọlẹ̀ lónìí, yóò tún wọlẹ̀ lọ́la, lọ́túnla ó di ìrọ̀rí." Ó fi jáákì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè, ó to pákó nínípọn sí abẹ́ rẹ̀ kó tó wọ ibẹ̀, nítorí pé kì í wọ abẹ́ ọkọ̀ tó bá jẹ́ jáákì nìkan ló gbé e. Ó tú sípíríǹgì méjèèjì, ó fi ayùn irin gé ìdajì òrùka kan kúrò lára ọ̀kan, ó fi èyí tó gé wọn èkejì, ó gé òun náà. Nígbà tó dá wọn padà, ó ní kí a ti ọkọ̀ náà síwájú, kí a tì í sẹ́yìn, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí ara irin lè balẹ̀ kí n tó fi ọ̀pá mi kàn án. Ìlà mẹ́fà. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kejì, ó tún gé ìdajì. Ìlà mẹ́rin, iwájú àti ẹ̀yìn dọ́gba. Bàbá fi ọwọ́ pa orí ọkọ̀ náà bí ẹni ń fọwọ́ pa orí ọmọ tó yege. Ó ní kí a fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì tó kù, kí èmi máa wọ̀n ọ́n ní àràárọ̀ kí n tó lọ sí ilé-ìwé, kí a lè mọ̀ bóyá ó tún ń wọlẹ̀ sí i.

Kò wọlẹ̀. Ó ń ga. Ọjọ́ Ajé, ìlà mẹ́rin. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìlà mẹ́rin. Ọjọ́rú, ìlà mẹ́rin. Ọjọ́bọ̀, ìlà mẹ́rin àti ààbọ̀. Mo rò pé mo ṣi ìlà kà ni, mo tún un wọ̀n. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ náà parí, ó ti pé ìlà márùn-ún. Bàbá gba ọ̀pá náà lọ́wọ́ mi, ó tún un wọ̀n fúnra rẹ̀, iye kan náà ni. Àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Alágbẹ̀dẹ ní ọkọ̀ náà ń rántí olówó rẹ̀ àtijọ́. Ẹ̀gbọ́n Lìádì kò lè jẹun. "Irin kì í dàgbà, Tíṣà," ó ń sọ ọ́ léraléra. "Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ṣẹ́, sípíríǹgì tí a bá gé a máa rẹlẹ̀ sí i ni, kì í padà sókè. Ohun kan wà níbẹ̀ tí ojú wa kò tó." Ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ tí mo ń lọ ní báyìí tí mo ti di àgbà, olùkọ́ wa so sípíríǹgì kékeré kan mọ́ pátákó, ó ń fi òkúta kọ̀ọ̀kan kọ́ ọn lára, ó ń ní kí a kọ bó ṣe ń nà sí. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ òkúta náà, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, irin náà sì ń ká sókè padà. Mo bú sẹ́rìn-ín. Àwọn tí a jọ jókòó, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kéré sí àwọn ọmọ mi, yíjú wò mí. N kò lè ṣàlàyé fún wọn pé mo ti rí òkúta yẹn rí, àti pé ó funfun, ó sì ṣeé sè.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, ó di ìlà mẹ́fà. Bàbá sọ fún Ẹ̀gbọ́n Lìádì ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ pé kó tún un gé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, nítorí pé ọjọ́ Àìkú ni àdéhùn pé. Ẹ̀gbọ́n Lìádì ní, "Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù tí mo lè gé e, Tíṣà. Bí mo bá ṣe é ju bẹ́ẹ̀ lọ, sípíríǹgì yóò máa bọ́ kúrò ní ibùjókòó rẹ̀ lójú ọ̀nà. Tí a bá ṣì í gé, ó tán." Mo gbọ́ èyí láti orí ẹní mi, mo sì mú ìwé mi jáde ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo ń wò ó. Mo ṣàkíyèsí nígbà náà pé ọkọ̀ náà kì í ga lójoojúmọ́. Òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ àti òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta nìkan ló ń ga. Ohun tó ń gbé e, Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì ló ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, nígbà tí Bàbá àti èmi bá wà ní ilé-ìwé. Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì ni àwọn ìyá arúgbó ẹgbẹ́ Ìyá Àgbà máa ń wá ṣe ìpàdé àdúrà ní ilé wa. Mo ṣì ń ro èyí nígbà tí mo rí àwọn adìẹ. Márùn-ún ni wọ́n, gbogbo wọn wà lábẹ́ ìdí ọkọ̀, wọ́n ń ṣa nǹkan jẹ kíákíá bí ẹni tí wọ́n ń lé. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Hóró ìrẹsì ni, gígùn, funfun, kì í ṣe ọ̀fadà. Ọ̀kan bọ́ sílẹ̀ láti inú ihò kékeré kan lójú mi báyìí. Mo wọ inú ọkọ̀, mo fa ìjókòó ẹ̀yìn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni pákó kan wà, lẹ́yìn pákó náà ni ihò tí ẹni àkọ́kọ́ tó ni ọkọ̀ náà ti gbẹ́ fún iṣẹ́ rẹ̀, inú ihò náà sì ni àwọn àpò kéékèèké wà, àwọn kan ti ṣófo, àwọn kan ṣì kún. Ìgbálẹ̀ tí mo ti ń gbọ́ láti òwúrọ̀ dákẹ́.

"Bọ́sẹ̀, kí lo ń wá níbẹ̀?"

"Ohun tó ń gbé ọkọ̀ ga ni, Ìyá Àgbà."

"Ṣé o ti rí i?"

"Mo ti rí i, mà."

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sún mọ́ mi. "Ta ló fi ọ́ ṣe aṣọ́bodè ilé?"

Ó jókòó sí etí ọkọ̀ náà, ìgbálẹ̀ lórí itan rẹ̀, ó sì sọ ọ́ fún mi bí ẹni tó ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin tó wà ní Ìfọ̀nyìn ní òdìkejì ibodè ló kó àpò ìrẹsì méjì náà wá fún un, oṣù kan gbáko kí wọ́n tó ti ibodè. Abẹ́ ibùsùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ kó o sí. Nígbà tí ìròyìn kàn pé wọ́n ń yẹ ilé wò, ó bẹ̀rù. Ó ti rí ihò náà ní ọjọ́ tó sá ìjókòó ọkọ̀ sóòrùn nítorí ìdun, ó sì rò pé kò sí ẹni tí yóò yẹ ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò wà mọ́ wò. Kóńgò kóńgò ló fi bù ú síbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí Bàbá gbé ọkọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rù kò bà á mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bù ú jáde, kóńgò kóńgò, ó ń pín in fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn àdúrà.

"Ẹ sọ fún Bàbá pé ó ti wà kí wọ́n tó ti ibodè."

"Bàbá rẹ ti búra. Ọkùnrin tó bá ti búra, etí rẹ̀ a di. Wo ẹnu mi, Bọ́sẹ̀. Eyín mẹ́ta. Àwọn ẹgbẹ́ mi kò sì sàn jù mí lọ. Ìyá Dáníẹ́lì ní ẹyọ kan, ẹyọ kan ọ̀hún sì ń mì. Ṣé òkúta ni ká máa jẹ títí Olúwa yóò fi pè wá?" Ó dìde. "Jẹ́ kí wọ́n ṣe ọkọ̀ wọn tán ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, màá kó gbogbo rẹ̀ kúrò. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

Gbogbo ọ̀nà ilé-ìwé ni mo fi ń rò ó. Bí wọ́n bá gé irin náà nígbà tí ìrẹsì ṣì wà níbẹ̀, tí Ìyá Àgbà sì kó o kúrò ní ìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ náà yóò tún ga ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, wọn yóò sì dá Bàbá dúró. Bí kò bá rí àyè kó o kúrò, Bàbá yóò gbé ìrẹsì òkèèrè kọjá níwájú àwọn aṣọ́bodè, òun tó ti búra, bí wọ́n bá sì rí i, ó di onífàyàwọ́. Ọ̀nà méjèèjì ni oyè katikísì yóò fi bọ́, kò sì ní sí ìgékù mìíràn lára irin náà. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ dìde níwájú ọmọ kí n sọ pé ìyá rẹ̀ ń fi nǹkan pamọ́ fún un? Yàrá Ìyá Àgbà ni mò ń sùn. Aṣọ rẹ̀ ni mò ń bora.

Nígbà tí ọjọ́ Àbámẹ́ta mọ́, Ẹ̀gbọ́n Lìádì ti gbé ọkọ̀ sórí pákó, ayùn sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbé ìwé mi lọ bá Bàbá. Mo ti fa ìlà sí abẹ́ gbogbo Ọjọ́bọ̀ àti gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ìwé yìí kí wọ́n tó gé irin." Ó fi ìka tọ ojú ewé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó padà sí òkè, bí ó ti máa ń ṣe nígbà tó bá ń yẹ ìṣirò àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ wò.

"Ọjọ́rú mọ́jú Ọjọ́bọ̀," ni ó wí. "Ẹtì mọ́jú Àbámẹ́ta. Kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ nílé yìí ní Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì?"

"Ìpàdé àdúrà ni, sà."

"Ṣé àdúrà ló ń gbé ọkọ̀ sókè?"

"Àdúrà àwọn ìyá lágbára o, Tíṣà," ni Ẹ̀gbọ́n Lìádì wí láti abẹ́ ọkọ̀.

Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Adìẹ kan ń jáde bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ táyà, hóró funfun kan wà lẹ́nu rẹ̀. Bàbá wo adìẹ náà títí ó fi gbé e mì. Lẹ́yìn náà ó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó fa ìjókòó ẹ̀yìn, ó yọ pákó, ó sì ka àwọn àpò náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá Àgbà ti jáde. Kò wò mí. Títí di òní n kò lè sọ bóyá mo tú àṣírí rẹ̀ tàbí n kò tú u. N kò dárúkọ rẹ̀, n kò dárúkọ ìrẹsì, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ìwé mi yóò sọ nígbà tí mo gbé e lé Bàbá lọ́wọ́. Ọ̀ràn náà ṣì ń jẹ mí lọ́kàn.

"Màmá," ni Bàbá wí, kò gbé ohùn sókè. "Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé n kò gbọdọ̀ fi nǹkan pamọ́."

"Nígbà tí mo kọ́ ọ, eyín mi pé."

Ẹ̀gbọ́n Lìádì ti sáré jókòó sórí táyà kan, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìyá Àgbà sọ gbogbo rẹ̀ bó ti sọ ọ́ fún mi, àbúrò rẹ̀, oṣù tó kó o wá, ìbẹ̀rù, àti Ìyá Dáníẹ́lì. Bàbá gbọ́ ọ dé òpin. Ó béèrè ẹ̀ẹ̀mejì bóyá òótọ́ ni pé ó ti dé kí wọ́n tó ti ibodè, ó sì béèrè oṣù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó ká apá ẹ̀wù rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn àpò náà jáde fúnra rẹ̀. Ìyá Àgbà ń tẹ̀ lé e, ó ń béèrè ibi tó ń gbé e lọ. "Sí pálọ̀," ni Bàbá wí. "Sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì, níbi tí gbogbo ẹni tó bá wọlé yóò ti rí i. Ẹni tó bá fẹ́ yẹ ilé wò, kó wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí a gbà wọlé ní ojú ọ̀sán kì í ṣe fàyàwọ́, Màmá. Pípa tí ẹ pa á mọ́ ló fẹ́ sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀." Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Èmi ni mo sì jẹ́ kí ẹ pa á mọ́." Èyí ni mo gbọ́, n kò sì gbọ́ kó sọ irú rẹ̀ mọ́ ní gbogbo ayé rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n kó o tán, tí wọ́n sì sọ ọkọ̀ kalẹ̀ kúrò lórí pákó, mo wọ̀n ọ́n. Ìlà méje. Ẹ̀gbọ́n Lìádì bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Oṣù kan! Oṣù kan ni a fi ń wọn ìrẹsì!" Bàbá ní kó gé e títí yóò fi di mẹ́rin, ṣùgbọ́n Ẹ̀gbọ́n Lìádì gbé ayùn sílẹ̀. "Dúsúmàà, Tíṣà. Bó bá jẹ́ mẹ́rin báyìí tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀, bí ènìyàn bá jókòó sẹ́yìn, yóò di mẹ́ta. Àwọn aṣọ́bodè yóò ní ẹ ti di ẹrù. Ohun tó máa gbé gan-an ni kí a fi wọ̀n ọ́n. Ta ni yóò jókòó sẹ́yìn lọ́la?" Bàbá yíjú sí ìyá rẹ̀.

"Màmá, ẹ wọlé."

"Sínú kí ni?"

"Sínú ọkọ̀. Ẹ ó bá mi lọ sí Ìdí-Ọsàn. Ẹ̀yin lẹ ó rọ́pò ìrẹsì."

"Háà! Àpò mélòó lẹ rò pé mo jẹ́?"

Ṣùgbọ́n ó wọlé. Gbogbo òwúrọ̀ náà ló fi ń wọlé, tó ń jáde: bí wọ́n bá fẹ́ gbé jáákì, á sọ̀ kalẹ̀, bí a bá ti ti ọkọ̀ síwá-sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, á padà wọlé, á ká ẹsẹ̀ rẹ̀ jọ, á kọrin ìsìn láti inú ọkọ̀ nígbà tí mo bá ń fi ọ̀pá wọ̀n ọ́n. Ẹ̀gbọ́n Lìádì kò gé ìdajì òrùka mọ́. Díẹ̀díẹ̀ ló ń gé e báyìí, bí ẹni ń gé èékánná ọmọ. Ìlà márùn-ún àti ààbọ̀. Ìlà márùn-ún. Ní nǹkan bí agogo kan ọ̀sán, mo kúnlẹ̀, mo fi ọ̀pá kàn án, mo tún un kàn. Mo ní, "Mẹ́rin." Bàbá ní, "Tún un sọ." Mo tún un sọ. Ìyá Àgbà ní láti inú ọkọ̀, "Ṣé mo lè bọ́ sílẹ̀, àbí ẹ tún fẹ́ bù lára mi?"

Ní ọjọ́ kejì, a dé ibi igi aṣọ́bodè ní agogo mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú díẹ̀. Èmi jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá, ìwé mi wà lórí itan mi. Aṣọ́bodè tó máa ń dá Bàbá dúró náà ló wà lẹ́nu iṣẹ́, ọkùnrin gíga kan tí ohùn rẹ̀ nípọn. Ó ti gbé ọwọ́ sókè láti ní kí a yà sí ẹ̀gbẹ́ kí ó tó rí ìdí ọkọ̀ náà. Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó rìn yí wa ká lẹ́ẹ̀kan, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn, ó fi ọwọ́ tirẹ̀ wọn àlàfo táyà.

"Tíṣà, ọkọ̀ mìíràn lẹ rà ni?"

"Òun náà ni."

"Adìẹ yìí ti gbórí sókè." Àkókò náà ni mo kọ́kọ́ mọ̀ pé àwọn àgbàlagbà náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó wo inú ọkọ̀, ó rí arúgbó tó ká ẹsẹ̀ jọ sẹ́yìn. "Ẹ káàárọ̀, Màmá. Kí lẹ kó sí ẹ̀yìn ńbẹ̀?"

"Egungun," ni Ìyá Àgbà wí, "àti eyín mẹ́ta."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó gbé igi sókè. Nígbà tí a dé Ìdí-Ọsàn, wọn kò tíì lu agogo ìsìn. Àgbà ìjọ tó gun kẹ̀kẹ́ wá bá Bàbá ní ọjọ́sí dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó wo Bàbá, ó wo ọkọ̀, ó rìn lọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ láti wò ó dáadáa, ó sì wọlé lọ lu agogo náà fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ Àìkú náà, ọkọ̀ náà kò ga mọ́ lójú ẹnikẹ́ni. Wọ́n fi Bàbá joyè katikísì kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀. Àpò ìrẹsì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì ní pálọ̀ títí ó fi tán, Ìyá Àgbà sì ń jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ lọ sí Ìdí-Ọsàn ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. N kò wọn ọkọ̀ náà mọ́.